Tòlótòló Tí Yìnyín Inú Rẹ̀ Kò Tíì Yọ́ Tán

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń dáná Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ó lè gbé odindi ìdílé dé ilé ìwòsàn, ó sì lè jó ilé kanlẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, Ọjọ́bọ̀ kẹrin nínú oṣù Bélú ni Ọjọ́ Ìdúpẹ́. Ààrẹ Abraham Lincoln ló kéde ní 1863 pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè náà jọ ṣe é. Ní 1941 ni ilé aṣòfin wọn wá fi òfin dè é mọ́ Ọjọ́bọ̀ kẹrin. Odindi tòlótòló ni olórí oúnjẹ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò se odindi ẹran rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún á fẹ́ se é lọ́jọ́ yẹn, nítorí àlejò ń bọ̀, àwọn ọmọ sì ti ń béèrè. Alẹ́ Ọjọ́rú tàbí àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń rí i pé ẹran tí àwọn ti gbé sínú fìríìjì láti ọjọ́ méjì ṣì le bí òkúta níkùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1981, ilé-iṣẹ́ Butterball tó ń ta tòlótòló fi àwọn onímọ̀ oúnjẹ mẹ́fà jókòó sídìí tẹlifóònù kí wọ́n máa dá àwọn tó ń dáná lóhùn. Iṣẹ́ náà gbòòrò títí ó fi di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀, bí yìnyín ṣe ń yọ́ sì ni ohun tí wọ́n ń bi wọ́n jù lọ. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ètò ọ̀gbìn, tí wọ́n ń pè ní USDA, náà dá tẹlifóònù tiwọn sílẹ̀ ní 1985 fún ìbéèrè nípa ẹran, adìyẹ àti tòlótòló. Bí ìbéèrè kan bá ń tẹ̀lé ènìyàn láti bí ogójì ọdún, a jẹ́ pé àwọn tó ń dáná kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹran náà ló ṣòro.

Ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Chicago tàbí ní Atlanta tún ní ìdí tirẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń bá a lójijì. Tòlótòló tí àwọn òbí rẹ̀ mọ̀ nílé, nínú àgbàlá ló ti ń yan kiri. Bí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á mú un, wọ́n á dúńbú rẹ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná tu ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n á kun ún lójú ẹsẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ẹran ti wà lórí iná. Yìnyín kò bá a tan rárá. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ gbé ẹyẹ pọ́ùn 16 tó dì láti orí dé ìrù délé, tí wọ́n sì rò pé òru ọjọ́ kan á tó o.

Òru ọjọ́ kan kò lè tó o. Ìṣirò USDA ni pé nínú fìríìjì, ẹran pọ́ùn mẹ́rin sí márùn-ún gba odindi wákàtí 24 kó tó yọ́. Tòlótòló pọ́ùn 16, ìyẹn kílò méje àti díẹ̀, yóò gba ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹni tó bá gbé e jáde nínú fìrísà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ti pẹ́. Kódà ẹni tó ra èyí tí wọ́n kọ "fresh" sí lára lè bá yìnyín pàdé, nítorí òfin Amẹ́ríkà gbà kí wọ́n pe tòlótòló bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òtútù ara rẹ̀ kò bá ti lọ sílẹ̀ ju 26°F lọ. Ìyẹn jẹ́ bíi mẹ́ta sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n Celsius, omi inú ẹran sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì kó tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi owó rẹ̀ lọ ra èyí tó wọ́n jù kò gbọdọ̀ bínú sí ẹnikẹ́ni bó bá fọwọ́ kan yìnyín nínú ikùn rẹ̀.

Ṣé ó wá ṣeé sè bẹ́ẹ̀? Ó ṣeé sè. Tòlótòló tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, títí kan èyí tó dì pátápátá, ṣeé gbé sínú ààrò tí wọ́n ń pè ní oven, kó jinná dáadáa, kó má sì ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. USDA fọwọ́ sí i. Wọ́n kàn ní kí ooru ààrò náà má lọ sílẹ̀ ju 325°F, tó jẹ́ bíi 163°C. Ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ ẹni ni àkókò. Èyí tó dì pátápátá máa ń fi ìdajì àkókò pẹ́ ju èyí tó ti yọ́ lọ, ó kéré tán. Bí tòlótòló pọ́ùn 14 tó ti yọ́ bá ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 45, kí ẹni tí tirẹ̀ dì pátápátá máa retí wákàtí márùn-ún àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Èyí tó yọ́ dé ìdajì á wà láàárín méjèèjì. Ẹni tí àlejò rẹ̀ ń bọ̀ ní aago méjì ọ̀sán gbọ́dọ̀ ti jí ní kùtùkùtù.

Ìdí tó fi ń pẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ ní mímọ̀, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní máa kánjú gbé ooru sókè. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran. Láti sọ yìnyín kílò kan di omi lásán, láìtíì gbóná rárá, ooru tó ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí yóò gbé kílò omi kan láti 0°C dé 80°C. Ìyẹn ni pé kí inú tòlótòló náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jinná, ààrò ti kọ́kọ́ ná ooru púpọ̀ lórí yíyọ́ yìnyín nìkan. Lẹ́yìn èyí, apá ìta tó ti yọ́ kì í jẹ́ kí ooru kọjá lọ sínú kíákíá bí yìnyín fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe, nítorí náà bí ẹran ṣe ń yọ́ tó ni ooru tún ń ṣọ̀lẹ sí i lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá gbé ooru lọ sí 450°F torí pé ojú ń kán an, àyà tòlótòló rẹ̀ á gbẹ, awọ á jó, oríkèé itan á sì ṣì tutù.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wádìí rẹ̀. Kí wọ́n ti ọwọ́ bọ inú ikùn ẹran náà, kí wọ́n fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ egungun ẹ̀yìn, ibi tí yìnyín máa ń sá pamọ́ sí. Kí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí wọ́n mì í. Ẹsẹ̀ tó ti yọ́ á máa mì ní oríkèé. Èyí tí kò tíì yọ́ á gan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àpò kékeré kan wà nínú ikùn yẹn tí wọ́n kó ọrùn, iwe àti ẹ̀dọ̀ sí, yìnyín á sì ti lẹ̀ ẹ́ pinpin. Kí ẹnikẹ́ni má ki ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀ láti fi wú u. Kí wọ́n gbé ẹran sínú ààrò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, yìnyín á ti tú àpò náà sílẹ̀, wọ́n á sì lè fi ẹ̀mú tàbí fọ́ọ̀kì gígùn fà á jáde. Bó bá jẹ́ bébà ni wọ́n fi ṣe àpò náà, kò séwu. Bó bá jẹ́ ọ̀rá, tí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ títí tó fi yọ́ mọ́ ẹran, kí wọ́n má jẹ ẹran náà.

Àkókò tí wọ́n bá yọ àpò yẹn ló dára jù láti fi èròjà sí i. Iyọ̀, ata, kọ́rì àti táìmù kì í dúró lára ẹran tó dì. Wọ́n á kàn máa ṣàn lọ pẹ̀lú omi yìnyín ni. Nígbà tí ìta rẹ̀ bá ti rọ̀ tó sì ti ń gbóná, kí wọ́n fi bọ́tà tàbí òróró ra á, kí wọ́n wá fi èròjà ra á dáadáa. Bí àyà rẹ̀ bá ń pọ́n jù kí itan tó jinná, kí wọ́n fi fóòlì bo àyà. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ki búrẹ́dì gígé, àlùbọ́sà àti ewé olóòórùn sínú ikùn tòlótòló. Kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí tí yìnyín wà nínú rẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n kì sáàárín ni yóò gbóná gbẹ̀yìn, omi ẹran tútù á sì ti rin ín. Kí wọ́n sè é sínú abọ́ ọ̀tọ̀.

Báwo ni ènìyàn ṣe máa mọ̀ pé ó jinná? Ojú kò tó. Ẹran tó ti dì rí máa ń pọ́n lẹ́bàá eegun kódà lẹ́yìn tó bá jinná, nítorí dídì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ inú mùdùnmúdùn eegun tú jáde. Ìyá ilé lè rí i, kó pariwo pé tútù ni, kó sì jẹ́ pé ó ti jinná. Awọ náà lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú kí inú sì ṣì tutù, èyí ló sì léwu jù. Tẹ̀mómítà ẹran nìkan ló lè jẹ́rìí. Kí wọ́n fi gún ibi tó nípọn jù lọ ní àyà, kí wọ́n fi gún abẹ́ itan níbi tó jìn jù láìjẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kan eegun, kí wọ́n tún fi gún ìdí apá. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dé 165°F, tó jẹ́ 74°C. Bí abẹ́rẹ́ náà bá dúró lójijì níbi tí kò sí eegun, yìnyín ló kàn yẹn. Kí wọ́n padà ti ilẹ̀kùn ààrò.

Ìdí tí wọ́n fi ń fi 325°F ṣe ààlà nísàlẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí. Láti 40°F sí 140°F, ìyẹn 4°C sí 60°C, ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i. Salmonella àti Campylobacter ni wọ́n sábà máa ń bá lára tòlótòló tútù. Ẹ̀kẹta, Clostridium perfringens, burú ní tirẹ̀ nítorí irúgbìn rẹ̀ lè la iná kọjá. Bí ooru bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dídì kì í pa wọ́n. Sísùn ni wọ́n ń sùn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé tòlótòló sórí tábìlì mọ́jú kó lè yọ́. Ìta rẹ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn kòkòrò á ti jí, nígbà tí yìnyín ṣì wà láàárín. Kí wọ́n má sì gbé e sínú ìkòkò iná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, tàbí sórí iná èéfín. Ooru àwọn yẹn kéré jù fún ẹran tó dì.

Bí wákàtí bá ṣì wà, omi tútù ló ń yọ ẹran kíá. Kí wọ́n fi ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ dì í, kí wọ́n rì í sínú omi tútù, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Pọ́ùn kan ń gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí náà pọ́ùn 16 á gba wákàtí mẹ́jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, iná ló kàn, kò gbọdọ̀ padà sínú fìríìjì láìjinná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni ti òróró gbígbóná. Àwọn ará Louisiana àti ìpínlẹ̀ mìíràn ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló sọ dídín odindi tòlótòló di gbajúmọ̀, àwọn ọmọ wa náà sì ti ń ṣe é. Ìkòkò gíga ni, iná gáàsì lábẹ́ rẹ̀, òróró gálọ́ọ̀nù mélòó kan nínú rẹ̀, tí ooru rẹ̀ dé nǹkan bíi 350°F, ìyẹn 177°C. Omi kò ní dé 100°C kó má di èéfín. Bí ẹran tó ní yìnyín bá wọ inú òróró yẹn, yìnyín á di omi, omi á di èéfín lójú ẹsẹ̀. Omi tó kún ife kan, bó bá di èéfín, á gba àyè tó tó ife 1,700. Òróró kò ní ibòmíràn tó máa gbà ju ẹnu ìkòkò lọ. Á rú sókè, á ṣàn sílẹ̀ lára ìkòkò, á kan iná gáàsì, ọ̀wọ́ iná á sì dìde ga ju ènìyàn lọ. Ẹni tó di ẹran náà mú kò ní ráyè fò sẹ́yìn. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ohun èlò, CPSC, ti ṣe é lójútáyé fún àwọn ènìyàn láti fi kìlọ̀ fún wọn. Àjọ NFPA tó ń gbógun ti iná ní tiwọn sọ pé kò sí ọjọ́ kan nínú ọdún tí iná ìdáná ń jó ilé ní Amẹ́ríkà tó Ọjọ́ Ìdúpẹ́.

Tòlótòló tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kò gbọdọ̀ fojú kan òróró gbígbóná. Kò sí àlejò tó tó kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dín in, kí ẹran náà yọ́ tán pátápátá, kí wọ́n nù ún gbẹ ní inú àti ní ìta, kí wọ́n sì gbé ìkòkò náà jìnnà sí ilé àti sí abẹ́ òrùlé. Bó bá gbiná, kí ẹnikẹ́ni má da omi sí i.

Àwọn ìyá wa ní ọ̀nà mìíràn tó dára púpọ̀ fún irú ẹran yìí, wọ́n kàn kì í rò ó mọ́ tòlótòló Amẹ́ríkà ni. Wọ́n máa ń kun ẹran, wọ́n á fi àlùbọ́sà, ata, iyọ̀, kọ́rì àti táìmù bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó dín in. Bí tòlótòló bá yọ́ dé ìwọ̀n tí ọ̀bẹ fi lè wọ oríkèé rẹ̀, kí wọ́n gé itan àti apá kúrò, kí wọ́n sì dá àyà sọ́tọ̀. Ègé kéékèèké máa ń yọ́ kíákíá, omi gbígbóná sì ń gbé ooru wọ inú ẹran ju afẹ́fẹ́ inú ààrò lọ. Yìnyín díẹ̀ tó bá kù nínú itan kò ní da ẹnikẹ́ni láàmú nínú ìkòkò ọbẹ̀. Kí wọ́n bọ̀ ọ́ títí tẹ̀mómítà fi ka 165°F, kí wọ́n jẹ́ kí omi ara rẹ̀ ro tán, kí wọ́n tó gbé e sínú òróró tàbí sínú ààrò kó pọ́n.

Ohun méjì péré ló yẹ kí wọ́n yí padà nínú àṣà yẹn. Ọ̀kan ni bíbọ ẹran dé ààbọ̀ lálẹ́ Ọjọ́rú kí wọ́n lè parí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹran tó gbóná díẹ̀ tí kò jinná ni àwọn kòkòrò fẹ́ràn jù. Kí wọ́n bọ̀ ọ́ jinná lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni fífọ ẹran. Gbogbo wa la mọ bí ìyá ṣe ń fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ adìyẹ lábẹ́ omi ẹ̀rọ. Ní 2019, USDA gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn tó ń fọ adìyẹ tútù kí wọ́n tó sè é: nínú ọgọ́rùn-ún wọn, síǹkì ọgọ́ta ni kòkòrò ti ta sí, ewébẹ̀ tútù tí 26 wọn gé lẹ́yìn náà sì kó o. Ooru tó bá dé 165°F ti pa ohun tí fífọ kò lè pa. Kí wọ́n fi bébà nù ún, kí wọ́n fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ.

Nílé ní Nàìjíríà, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń gbà dé bá ènìyàn yàtọ̀. Láti 2003 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ẹran adìyẹ àti tòlótòló dídì wọlé, síbẹ̀ ó ń gba Kùtọnu àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, àwọn aṣọ́bodè sì ń gbẹ́sẹ̀ lé e lóòrèkóòrè. Títì tí wọ́n ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020 kò pa òwò náà rẹ́. Ẹran tó gba ẹ̀bùrú kì í sábà rí ọkọ̀ tó ní fìrísà; á yọ́ lójú ọ̀nà, á tún dì ní cold room, iná á lọ, á tún yọ́. Ní ọjà, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn: yìnyín tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ á ti gbá jọ sísàlẹ̀ páálí, ègé ẹran á sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn di ọ̀kan. Irú èyí kò yẹ ní rírà, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó. Nínú ilé, fìrísà tó kún á di òtútù rẹ̀ mú fún nǹkan bí wákàtí 48 lẹ́yìn tí iná bá lọ, èyí tó kún dé ìdajì fún wákàtí 24, bí wọn kò bá ṣí i. Ẹran tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí iná bá dé ṣeé dì padà. Èyí tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ju wákàtí méjì lọ ti kọjá àtúnṣe.

Nínú gbogbo ohun tí a ti mẹ́nu bà, tẹ̀mómítà ẹran ló kéré jù, owó rẹ̀ kò sì tó iye tí ènìyàn ń ra tòlótòló kan. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ilé ló ní i. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní ìlú kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń pín abọ́, ife àti táwẹ́ẹ̀lì fún àlejò lóde ìnáwó, ẹ jọ̀wọ́, bí ìnáwó yín bá bọ́ sí oṣù Ọ̀wàrà tàbí oṣù Bélú lọ́dún yìí, tẹ̀mómítà ẹran ni kí ẹ pín.